Ife Àgbo Bàbá Onílọ́rì

Nọ́ọ̀sì tó ń yí wọ́ọ̀dù ọkùnrin ká láàárọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Bàbá Onílọ́rì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ń fì lẹ́bàá ilẹ̀. Ife àgbo rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó ti mu ún tán, ó ku ìdí rẹ̀ nìkan. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún un kàn, kí ó tó fi igbe pe dókítà. Ọkàn bàbá náà ń lù, ṣùgbọ́n ó ń lù bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ́ lọ síbi tí kò wù ú.

Ní ilé ìwòsàn náà, oògùn òyìnbó àti oògùn ìbílẹ̀ ni wọ́n jọ ń lò lábẹ́ òrùlé kan. Dókítà ní yàrá tirẹ̀, àwọn eléwé ní tiwọn, aláìsàn kan náà sì lè gba hóró oògùn láàárọ̀ kí ó mu àgbo lọ́sàn-án. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn agbálẹ̀, alásè, àti ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní ẹ̀kọ́ ewé àti egbò, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń gbé fún ènìyàn. Ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń fún ní aṣọ aláwọ̀ ewé. Aláṣọ ewé nìkan ló sì lè bu àgbo fún aláìsàn.

Kí oòrùn tó le, ọlọ́pàá ti dé. Sájẹ́ntì sanra, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá rẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú yàrá tí ọmọ ti ń sùn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Pẹ̀lẹ́kùtù ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn olè tó sì ti mú mọ̀ pé orúkọ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ.

Dókítà, obìnrin kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti sún kalẹ̀ sórí imú, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tó ń dá Pẹ̀lẹ́kùtù lóhùn.

"Ohun kan ń fa ọkàn rẹ̀ sẹ́yìn," ó wí. "Bó bá jẹ́ egbò líle láti inú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn eléwé ni, mo mọ ohun tí mo máa fún un. Bó bá jẹ́ oògùn òyìnbó ni, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Bí mo bá wá fún un ní èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ọkàn yẹn lè dúró mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ ò ní ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́?"

"A ti fi ìdí ife yẹn ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Ọ̀la ni èsì ń bọ̀. Ọ̀gá, bàbá yìí ò lè dúró de ọ̀la."

Pẹ̀lẹ́kùtù wo ojú bàbá náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ máa dì í mú fún mi," ó wí, ó sì jáde.

Sájẹ́ntì ti rí ẹni tirẹ̀ mú. Agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù náà ni, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Òun ló se àgbo láàárọ̀, òun ló pín in, òun náà ló gbé ìgò àti ife ka orí àpótí Bàbá Onílọ́rì. Ó jókòó sórí àga kan nínú yàrá ewé, aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀ ti rin fún òógùn. Ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mú un jókòó.

"Ọ̀gá mi, ẹ gbọ́. Mo se é, mo tọ́ ọ wò lórí iná, mo pín in fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹ lọ bi wọ́n, kò sí ẹni tó yàgbẹ́ gbuuru nínú wọn. Ti Bàbá Onílọ́rì nìkan ló kù, torí pé ó máa ń pẹ́ lórí oúnjẹ. Ó ń jẹun bí ẹni tó ń ka ìwé. Mo wá gbé e ka ibẹ̀ pé tó bá jẹun tán n ó bù ú fún un. Ni Kẹ̀kẹ́ tó ń ti aláìsàn kiri bá pariwo pé obìnrin kan ń rọbí lẹ́nu ọ̀nà, kí n wá bá òun gbé e. Mo lọ. Ìgbà tí mo padà dé, ariwo ti sọ."

"O ò bù ú fún un rárá?" Sájẹ́ntì bi í.

"Mi ò bù ú. Ẹ̀yin ẹ wo ọwọ́ yìí. Ọmọ méjì tí mo bí lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fi ń tọ́. Ṣé n ó fi pa bàbá oníbàbá?"

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù egbò líle ńkọ́?" Sájẹ́ntì dá a dúró. "Ọrùn rẹ la ti bá a."

"Ìyá Àgbà Eléwé tó ń kọ́ wa ló fún mi láàárọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí yàrá ewé."

"Ta ló mọ̀ nípa ìyẹn?" Pẹ̀lẹ́kùtù bi í.

"Gbogbo wa. Wọ́n kéde rẹ̀ nípàdé. Àwọn kan bá mi yọ̀. Àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà ò dún."

Kẹ̀kẹ́, géńdé ọkùnrin tó ń ti àwọn aláìsàn kiri, kò ràn án lọ́wọ́. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n jọ gbé obìnrin náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ìbejì sáré padà sínú wọ́ọ̀dù lọ mú aṣọ ìnujú.

"Ṣé ó pẹ́?"

"Kò pẹ́. Àmọ́ ọ̀gá, mi ò lè búra. Obìnrin yẹn fún mi lọ́rùn dáadáa, ó ní èmi ni mo fún òun lóyún. Mi ò rántí nǹkan míì."

Sájẹ́ntì wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni pé, ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí? Pẹ̀lẹ́kùtù kò wò ó padà.

Ìyá Àgbà Eléwé, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà, ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù egbò, ó dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń wo ilé tí olè ti wọ̀. Ó ní kò sí ohun tó dín lójú òun, ṣùgbọ́n egbò kan wà níbẹ̀ tí a bá fi èékánná ré e, ó ti tó pa ènìyàn, òun kò sì lè fi ojú mọ̀ bóyá ẹnìkan ti ré e.

"Ìyá, ṣé ó lè jẹ́ àgbo náà ni wọ́n sè bàjẹ́?" Pẹ̀lẹ́kùtù bi í.

"Ìkòkò kan ṣoṣo ló ti wá, ọmọ mi. Bí obẹ̀ bá níyọ̀ jù, gbogbo ilé ló ń mọ̀. Ẹnìkan da nǹkan sínú ti bàbá yìí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aláṣọ ewé sì ni, torí bàbá ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Aláṣọ ewé mẹ́rin ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà: Ìyá Ìbejì, Kẹ̀kẹ́, Alásè tó ń dáná fún àwọn aláìsàn, àti ọkùnrin tó ń fi oògùn fún ènìyàn lójú fèrèsé, tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ọ̀gá Fèrèsé. Wọ́n ti ń wo ara wọn tìfuratìfura. Alásè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé ìdáná mọ́. Kẹ̀kẹ́ da omi tí wọ́n fún un nù sẹ́yìn ilé, ó sì lọ mu ti ẹ̀rọ.

Pẹ̀lẹ́kùtù padà sí wọ́ọ̀dù. Ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí ti Bàbá Onílọ́rì ni bàbá kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lójú. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú kan, èkejì sì ń ṣomi.

"Mo rí àwọ̀ ewé," bàbá náà wí. "Ìyẹn nìkan ni mo rí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹlẹ́rìí tó ríran, ẹ wá mi wá lóṣù tó ń bọ̀."

"Etí yín ńkọ́, bàbá?"

"Etí mi ò ní àìsàn. Mo gbọ́ tí àgbo dà sínú ife. Mo gbọ́ tí Onílọ́rì sọ pé, 'Gbé e mì, kí n rí ọ̀fun rẹ.' Lẹ́yìn náà ẹni yẹn húkọ́. Onílọ́rì wá mu tirẹ̀. Ó tán."

"Ìyá Ìbejì ni ẹni tó wọlé?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì? Bí Ìyá Ìbejì bá wọlé, ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì á ti mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ lánàá. Ẹni tí mò ń wí yìí ò la ẹnu rárá."

"Ẹni tó fẹ́ pànìyàn," Sájẹ́ntì sọ ní kọ̀rọ̀, "ṣé á máa kọrin wọlé ni?"

"Òótọ́ nìyẹn náà," Pẹ̀lẹ́kùtù dáhùn.

Ọmọbìnrin Bàbá Onílọ́rì, tó jẹ́ aránṣọ, wà lórí àga gígùn níta, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Sájẹ́ntì ti gbọ́ pé òun àti bàbá rẹ̀ jà lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí lọ́rì àtijọ́ tí bàbá kò fẹ́ tà, ojú tó sì fi ń wò ó kò dára.

"Bẹ́ẹ̀ ni, a jà," obìnrin náà wí. "Bàbá mi ni. Ta ni kí n tún bá jà? Ọ̀gá, ẹ bá mi bi dókítà, ṣé ó ń gbọ́ mi bí mo bá pè é?"

"Kí ló túmọ̀ sí pé 'Gbé e mì, kí n rí ọ̀fun rẹ'?" Pẹ̀lẹ́kùtù bi í.

Ó nu ojú. "Bàbá mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láyé. Nígbà tó ń wa ọkọ̀, mẹkáníìkì tó bá tún bíréèkì rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jókòó tì í lọ ìrìn àkọ́kọ́. Wọ́n wá kọ́ àwọn aláṣọ ewé níbí pé ẹni tó bá bu àgbo ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níwájú aláìsàn. Inú bàbá mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn kan ń fi ètè kàn án lásán. Ó ní ti òun, àfi kí òun rí i kó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Kò sí ẹni tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ ṣé, àbúrò mi," Pẹ̀lẹ́kùtù wí. "Ẹ lọ máa pè é. Bóyá ó ń gbọ́."

Níbi fèrèsé oògùn, àwọn èrò ń kùn. Ọ̀gá Fèrèsé, tí wọ́n mọ̀ sí ẹni tó máa ń dúró gbọnrangandan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, jókòó sórí àpótí, ó sì ń na ọwọ́ sókè fi oògùn fún wọn. Fáànù ń fẹ́ lé e lórí, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà gba ẹ̀kọ́ yìí?"

"Wọ́n fi dandan lé e fún wa ni," Ọ̀gá Fèrèsé wí. "Èmi tí mo ti wà níbí kí wọ́n tó kọ́ ilé àwọn eléwé yẹn. Ẹ̀kọ́ kọ́ ni mo kórìíra o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá abẹ́ fèrèsé mi, òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí. Èmi ni kí n máa lọ kí i káàárọ̀. Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọmọ̀, ó ní òun ó kan ọ̀run. Àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ ti rí ibi tó já sí."

"Ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò kúrò níbí, àfi ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Ó dà bí pé ara yín ò yá."

"Mi ò tíì jẹun ni."

Pẹ̀lẹ́kùtù kí i, ó sì kọjá lọ tààrà sọ́dọ̀ dókítà. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: bí ẹnìkan bá mu ẹnu kan péré nínú ife yẹn, kí ni yóò ṣe é? Dókítà ronú. Ó ní ẹni náà kò ní kú, ṣùgbọ́n òòyì yóò máa kọ́ ọ, òógùn yóò máa bò ó, iṣan rẹ̀ yóò sì máa lù falẹ̀ títí di ọ̀sán, ó kéré tán. Bó ti ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ah," ó wí.

"Ẹ tẹ̀lé mi," Pẹ̀lẹ́kùtù wí. "Ẹ má tíì sọ nǹkan kan."

Láìpẹ́, àwọn aláṣọ ewé mẹ́rin jókòó sídìí tábìlì gígùn nínú yàrá ẹ̀kọ́. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, Sájẹ́ntì lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà Eléwé ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí òun bá ń kọ́ wọn láti wo iṣan ọrùn ọwọ́. Ẹnìkan á di ọwọ́ ẹnìkejì mú, á sì máa fi ìka kan tábìlì bí iṣan náà bá ti ń lù, kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́.

"Ẹni ń kú lọ, ẹ ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́," Ọ̀gá Fèrèsé wí. "Ìsọkúsọ wo nìyí?"

"Ọ̀gá, ẹ bá wa ṣe é," Pẹ̀lẹ́kùtù wí. "Bí ẹnìkan bá yọ ara rẹ̀, Sájẹ́ntì mi yóò máa ro èròkérò. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

Alásè di ọwọ́ Kẹ̀kẹ́ mú, ó ń kan tábìlì, ó ń lọ déédéé. Kẹ̀kẹ́ di ti Ìyá Ìbejì mú. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí pákó bí òjò lórí páànù, nítorí ẹ̀rù ti ba obìnrin náà dé ẹ̀jẹ̀. Sájẹ́ntì mi orí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn.

Ó wá kan Ìyá Ìbejì. Ó na ọwọ́ sí Ọ̀gá Fèrèsé. Ọkùnrin náà fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì díẹ̀, kí ó tó gbé e jáde.

Ìyá Ìbejì kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Gbogbo wọn rò pé iṣan náà ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún dúró.

"Wá ibẹ̀ dáadáa," Ìyá Àgbà wí.

"Mo wà níbẹ̀, Ìyá. Bó ṣe ń lọ nìyí."

Dókítà kọjá láàárín wọn, ó gba ọwọ́ náà, ó sì fi ìka tirẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tó fi mi orí sí Pẹ̀lẹ́kùtù.

"Bí tèmi ṣe máa ń lù nìyẹn," Ọ̀gá Fèrèsé wí. "Láti kékeré."

"Èmi ni mo yẹ̀ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí," dókítà dá a lóhùn. "Kò rí báyìí."

Pẹ̀lẹ́kùtù fa àga, ó jókòó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọ̀gá, Bàbá Onílọ́rì jẹ́ kí ẹ gbé e mì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ fẹ́ fi ètè kàn án, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun rí ọ̀fun yín. Bí ẹ bá kọ̀, yóò pariwo. Ẹ gbé e mì. Láti ìgbà náà lẹ ò ti lè dìde dúró."

Ọ̀gá Fèrèsé fi àtẹ́lẹwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Mi ò ní bá yín fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Dókítà nìyí. Kò mọ ohun tó wà nínú ife yẹn. Bó bá ṣe tọ́jú bàbá ni yóò ṣe tọ́jú yín, torí ohun kan náà ló wà nínú yín. Ṣé kó lọ gbé oògùn egbò, àbí ti hóró? Bó bá gbé èyí tí kò yẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún un."

Ọ̀gá Fèrèsé gbìyànjú láti dìde. Òòyì kọ́ ọ. Ó tún jókòó, ó sì bo ojú.

"Hóró ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ó wí láti inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Èyí funfun. Mo lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí òòyì kọ́ ọ díẹ̀ ni, kí wọ́n lè sọ pé àgbo Ìyá Ìbejì ò dára. Ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀, mo rò pé yóò gbà á. Mi ò fẹ́ kó kú."

Dókítà ti sáré jáde kí ó tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Sájẹ́ntì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wò lójú. "Ọ̀gá," ó bi Pẹ̀lẹ́kùtù, "ẹ ti mọ̀ pé òun ni kí wọ́n tó jókòó?"

"Mo fura. Ìyá Ìbejì ní kọ́kọ́rọ́, ó sì padà sínú wọ́ọ̀dù. Ó lè jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò mu nǹkan tí ẹni tó bù ú ò gbé mì lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é ti mu nínú rẹ̀. Ìyá Ìbejì ti jókòó síwájú wa láti àárọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, iṣan rẹ̀ ń sáré. Ti ẹni tó ti mu ún gbọ́dọ̀ máa wọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó rẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni yẹn ò sì la ẹnu ní wọ́ọ̀dù, torí ohùn ọkùnrin ni yóò jáde, wọ́n á sì mọ̀ pé kì í ṣe Ìyá Ìbejì. Ẹni tó bá wá láti ibi fèrèsé kò nílò kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ," Ìyá Àgbà Eléwé wí fún ọkùnrin tó bo ojú náà. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù.

Wọ́n dúró báyìí títí dókítà fi padà dé ẹnu ọ̀nà. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá, ó dì í mọ́wọ́.

"Ọkàn bàbá ti ń dìde," ó wí. "Ó ti mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Ẹ gbé ẹni yìí wá fún mi kíákíá, ojú rẹ̀ ti ń funfun."

Kò sí ẹni tó dìde. Kẹ̀kẹ́ ń wo ògiri. Alásè pòṣé, ó sì ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọ̀gá Fèrèsé ti ń rọra wọ́ kúrò lórí àga, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Sájẹ́ntì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan.

Ìyá Ìbejì ló dìde. Ó ti apá rẹ̀ bọ abíyá ọkùnrin náà, ó gbé e sókè, ó sì kígbe mọ́ Kẹ̀kẹ́ pé kó gbé bẹ́ẹ̀dì onítáyà wá, àbí etí rẹ̀ di. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sórí rẹ̀ tán, ó tẹ̀ ba lé e lórí.

"Ọ̀gá, ẹ má sùn o. Ẹ lajú yín sílẹ̀, ẹ gbọ́ mi? Ẹ ò gbọdọ̀ kú lónìí. Bí ẹ bá kú, wọ́n á ní èmi náà ni."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti bẹ́ẹ̀dì náà lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kí ó má baà sùn, ohùn rẹ̀ sì dé wọ́ọ̀dù kejì.